Àbúrò mi, ka ọ̀nà kí o tó ka orúkọ

Manchester

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Màmá sọ fún mi lórí fóònù pé aago méjì òru lo máa ń sùn báyìí, pé ìwé fisiọ́lọ́jì ńlá ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lo ń há sórí nítorí JAMB, ìdánwò àṣewọlé yunifásítì. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀.

Jọ̀wọ́, gbé ìwé náà tì. Ìbéèrè 180 ni wọn yóò bi ọ láàárín wákàtí méjì, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ogójì péré ni ti báyọ́lọ́jì, ọ̀rọ̀ ewéko, àyíká àti àjogúnbá sì wà nínú rẹ̀. Sílábọ́ọ̀sì JAMB ni kí o fi ṣe òdiwọ̀n.

Ibo wá ni kí o kà dé? Jẹ́ kí a mú kíndìnrín. Mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé, bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ bí ìgbà tí Màmá bá ń sẹ́ ògì, ohun tí ara ń gbà padà, bíi ṣúgà, omi àti iyọ̀, àti èyí tó ń di ìtọ̀. Mọ̀ pé họ́mọ́ọ̀nù ADH ló ń mú kí ara gba omi padà. Lẹ́yìn náà, pa ìwé dé, kí o bi ara rẹ pé: bí ADH kò bá sí ńkọ́? Ẹni tó ṣiṣẹ́ nínú oòrùn látàárọ̀ láìmu omi, kí ló dé tí ìtọ̀ rẹ̀ fi kéré, tó sì pọ́n? Bí o bá ṣàlàyé rẹ̀ fún Màmá lédè Yorùbá tó sì yé wọn, o ti kà á tó. Orúkọ àwọn ihò tíntìntín tí omi ń gbà kọjá di yunifásítì.

Èmi náà ṣe àṣìṣe yìí nígbà tèmi. Orúkọ kún orí mi, síbẹ̀ mo kọsẹ̀ níbi tí wọ́n ti béèrè artery tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ tí kò ní ọ́síjìn púpọ̀. Ká ní mo ti fi ìka tọ ipa ẹ̀jẹ̀ láti ọkàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró rí ni, ǹ bá ti mọ̀ pé pulmonary artery ni. Lónìí, ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, bí ìtọ̀ aláìsàn bá dín kù, ọ̀nà yẹn náà ni mo fi ń ronú.

Máa sùn ní aago mẹ́wàá. Màá pè ní Sátidé. Ìwọ ni yóò ṣàlàyé kíndìnrín fún mi, láìwo ìwé.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ.