Ọjọ́ tí Agídìgbo Padà Sọ̀rọ̀

Kí wọ́n tó bí mi ni àwọn àpótí méjèèjì ti wà nínú ilé wa. Ọdún 1984 ni bàbá mi rà wọ́n ní Èkó, nígbà tí èésú tí àwọn àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn ń dá kàn wọ́n. Títí di òní ni Màámi ń sọ pé owó yẹn ìbá ra ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, ìbá sì tún ṣẹ́kù. Sípíkà tí í dá dúró nílẹ̀ ni wọ́n, kì í ṣe irú èyí tí à ń gbé ka orí tábìlì. Igi ni wọ́n fi kan ara wọn, gíga wọn sì tó mítà kan. Ojú mẹ́ta ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan: ńlá kan nísàlẹ̀ tó fẹ̀ tó àwo ìjẹun, ọ̀kan láàárín, àti kékeré kan lókè tó dà bí ọmọrí ìgò. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún márùn-ún, èmi àti sípíkà jọ ga bákan náà ni.

Òkè-Àdó ni à ń gbé ní Ìbàdàn nígbà náà. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, bàbá mi á yọ àwo orin kan jáde nínú páálí rẹ̀, wọ́n á fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nù ún, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu abẹ́rẹ́, wọ́n á sì rọra gbé e lé àwo náà. Wọ́n fẹ́ràn sákárà Yusuf Ọlátúnjí, wọ́n fẹ́ràn jùjú Sunny Adé, ṣùgbọ́n Haruna Iṣọla, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tó kú ní ọdún 1983, ni ẹni tí wọ́n ń fi parí gbogbo rẹ̀. Ìlù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo àti agídìgbo ló gbé àpàlà rẹ̀ ró. Ẹni tó bá mọ agídìgbo mọ̀ pé àpótí onígi ni, tí a kan irin pẹlẹbẹ mọ́ lójú, tí onílù ń fi ìka ta. Kì í pariwo. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ohùn rẹ̀ ń gbé, bí ìpìlẹ̀ ilé.

Bàbá mi á gbé àga wọn sí àárín méjì àwọn àpótí náà, wọ́n á di ojú, wọ́n á máa fi ìka lu orúnkún. Lójijì ni wọ́n á bi wá pé, "Kí ni agídìgbo wí?" A ó máa mẹ́nu ba oríṣiríṣi nǹkan. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á wá pa òwe tó ti di orin létí wa: òwe, òwe là ń lu agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún 2016, a kó lọ sí ilé tí àwọn òbí mi kọ́ sí Àkóbọ̀. Ẹ mọ bí ìkẹ́rù ṣe máa ń rí. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá wa kẹ́rù kò ní sùúrù láti tú wáyà. Wọ́n gé e, nígbà tí a dé ilé tuntun, ẹnìkan lára wa tún un so, ó sì fi téèpù dúdú wé e. Títí di òní, kò sí ẹni tó rántí ẹni tó so ó.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú ilé tuntun, bàbá mi gbé Haruna Iṣọla sí i. Wọn kò gbọ́ ọ dé ìdajì tí wọ́n fi gbé abẹ́rẹ́ kúrò.

"Agídìgbo ti dákẹ́," ni wọ́n wí. "Orin ń dún, ṣùgbọ́n kò ní ìdí."

A tún un gbọ́. Ohùn olórin ń jáde, agogo ń dún kedere, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dún. Èmi ni mo kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu mi: "Bàbá, ó jọ pé etí yín ló ti ń dàgbà." Bùọ̀dá mi náà rẹ́rìn-ín. Màámi ní kò sí ohun tí ọjọ́ orí kì í ṣe fún ènìyàn. Bàbá mi kò bá wa jiyàn. Wọ́n tún gbìyànjú fún Sátidé bíi mẹ́ta, wọ́n sún àga síwájú, wọ́n sún un sẹ́yìn, lẹ́yìn náà wọn kò gbé àwo sí i mọ́. Bí àlejò bá béèrè orin lọ́wọ́ wọn, wọ́n á ní, "Àwọn ọmọ mi sọ pé etí mi ti gbó."

Báyìí ni àwọn àpótí náà ṣe di ohun tí à ń gbé nǹkan lé. Òdòdó oníke wà lórí ọ̀kan, fọ́tò ìgbéyàwó bùọ̀dá mi wà lórí èkejì. Bùọ̀dá mi ra tẹlifíṣọ̀n ńlá, ó sì ra sípíkà gbọọrọ kan tí wọ́n ń tẹ́ sí abẹ́ rẹ̀. Ó dára fún ìròyìn. Ọ̀rọ̀ ń jáde ketekete. Ní ti orin, rédíò kékeré kan ni bàbá mi ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí wọn.

Ní ọdún tó kọjá, Màámi ní àwọn fẹ́ àyè nínú yàrá ìgbàlejò. A fẹnu kò pé kí a ta àwọn àpótí náà, wọ́n sì fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. Mo béèrè lọ́wọ́ bàbá mi. "Ẹ tà wọ́n," ni wọ́n wí. "Kí ni mo tún fẹ́ fi wọ́n ṣe?" Wọ́n wọ yàrá wọn lọ, wọ́n sì pa ilẹ̀kùn dé.

Ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe, tó sì ń ra ògbólógbòó ẹ̀rọ, wá wò wọ́n. Ó na ₦70,000 fún méjèèjì, ó ní kí n jẹ́ kí òun gbọ́ ohùn wọn ná. Mo gbé Haruna Iṣọla sí i. Ó dúró ní àárín yàrá, ó yí orí sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, ó fajú ro.

"Àǹtí, orin yìí kò dúró sójú kan," ló wí.

Ó yí àpótí òsì, ó tan iná fóònù rẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì pè mí pé kí n wá wo nǹkan. Wáyà tó yẹ kó wà ní ojú pupa ló wà ní ojú dúdú. Èyí tó yẹ kó wà ní ojú dúdú ló wà ní pupa. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó ṣí téèpù, ó pààrọ̀ wọn. Gbogbo rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀.

Nígbà tó tún tan án, orin náà kò fi bẹ́ẹ̀ ròkè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ńṣe ló jókòó. Ohùn olórin wá sí àárín méjì àwọn àpótí náà bí ẹni pé ó dúró níbẹ̀, nísàlẹ̀ rẹ̀ ni agídìgbo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ọ nínú àyà mi kí n tó gbọ́ ọ ní etí. Ife gíláàsì orí tábìlì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀.

Ilẹ̀kùn yàrá bàbá mi ṣí. Wọ́n dúró, ọwọ́ wọn kan di férémù mú, síńgílẹ́ẹ̀tì ló wà lọ́rùn wọn. Wọn kò wí nǹkan kan. Wọ́n fa àga kan, wọ́n jókòó, wọ́n di ojú. Nígbà tí apá kan àwo náà parí, wọ́n ní, "Ẹ yí i sí ìhà kejì."

Mo bẹ ọkùnrin yẹn pé kó ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Ó ní ojú sípíkà kò yàtọ̀ sí awọ ìlù: a máa ta síwájú, a máa sún sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ló ń ti afẹ́fẹ́ wá sí etí wa. Bí wáyà bá wà ní ipò wọn, àpótí méjèèjì á jọ máa tì, wọ́n á jọ máa fà. Bí a bá ṣi ti ọ̀kan so, bí ọ̀kan ti ń tì ni èkejì ń fà. Èyí kò fi bẹ́ẹ̀ pa ohùn tín-ín-rín lára, nítorí ìgbì rẹ̀ kúrú. Ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ tó ń gbọ̀n ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìgbì rẹ̀ gùn tó nǹkan bíi mítà 7. Ó gùn ju yàrá ìgbàlejò wa lọ. Bí ẹni méjì bá di irú ìgbì bẹ́ẹ̀ mú, tí ọ̀kan ń tì, tí èkejì ń fà, wọ́n á pa á rẹ́ láàárín ara wọn ni. Agídìgbo kò kúrò nínú àwo. Àwa ni a pa ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn àpótí.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹ̀rí wà níwájú wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohùn tín-ín-rín ni etí àgbà máa ń kọ́kọ́ pàdánù. Ohùn ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń pẹ́ níbẹ̀. Lóòótọ́ ni pé bàbá mi kì í tètè gbọ́ ohùn ọmọ bùọ̀dá mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, wọn kì í sì gbọ́ fóònù wọn bó bá ń dún tín-ín-tín-ín nínú yàrá. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ akóyanrìn bá ń bọ̀ láti òpin àdúgbò, àwọn ló ń kọ́kọ́ mọ̀. Bó bá jẹ́ ogbó ló mú etí wọn, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni wọn ìbá wá tì, kì í ṣe agídìgbo. Wọ́n sọ ohun tó sọnù fún wa gan-an, wọ́n dárúkọ rẹ̀, a sì fi ọjọ́ orí wọn dá wọn lóhùn.

Ẹ wá wo ẹni tó dá wọn lóhùn bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì lórí ìlù dùndún. Mo lè ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni bí ìlù ṣe ń tẹ̀lé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, àti pé bí ohùn bá yí, ọkọ lè di ọkọ́, kó sì di ọkọ̀. Mo mọ̀ pé bí a bá yọ ohùn ìsàlẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá, ìtumọ̀ rẹ̀ ti dàrú. Ọ̀mọ̀ràn wà nínú ilé wa. Èmi tí mo ní ìwé ẹ̀rí ni mo ní kó lọ jókòó.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kúnlẹ̀ níwájú wọn. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Etí yín kọ́."

Wọ́n wo ilẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó fèsì. "Àjọkẹ́, ẹ ti sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èmi náà fi gbà á gbọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Mo bẹ ọkùnrin náà kó má bínú, mo fún un ní owó ọkọ̀ àti owó iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni èmi fúnra mi ra àwọn àpótí náà lọ́wọ́ bàbá mi ní ₦70,000, mo sì fi oṣù mẹ́ta san án nínú owó tí mo ń rí lórí ìwé kíkọ. Mo rò pé wọn kò ní gbà á. Wọ́n gbà á, wọ́n kà á, wọ́n sì fi ra abẹ́rẹ́ tuntun fún ẹ̀rọ àwo orin. Nítorí náà, èmi ni mo ni sípíkà báyìí, ṣùgbọ́n yàrá ìgbàlejò wọn ni wọ́n wà. Òdòdó oníke ló wá àyè mìíràn lọ.

Bí ìwọ náà bá ní irú rẹ̀, tàbí tí o fẹ́ ra àlòkù, ohun tí mo ti kọ́ nìyí. Wo ẹ̀yìn àpótí kí o tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi: pupa sí pupa, dúdú sí dúdú. Fọwọ́ kan etí ojú ńlá ìsàlẹ̀ yẹn. Bó bá jẹ́ fóòmù, ó lè ti gbó, kó sì máa rún sí ọ lọ́wọ́. Aṣọ ni tiwa, bóyá ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ tó báyìí. Má ṣe tì wọ́n mọ́ igun ògiri, nítorí ohùn ìsàlẹ̀ á wú níbẹ̀, á sì bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Jẹ́ kí àlàfo tó wà láàárín àpótí méjèèjì tó èyí tó wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn àti àga rẹ. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ táìlì lásán, tẹ́ ẹní tàbí kápẹ́ẹ̀tì, kí o sì ta kọ́tìnì. Rántí aládùúgbò rẹ pẹ̀lú: ohùn tín-ín-rín á bá ògiri dúró, ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ á la ògiri kọjá lọ bá ọmọ ọlọ́mọ lórí ibùsùn.

Ní oṣù Kejìlá, a fi wáyà so tẹlifíṣọ̀n mọ́ ẹ̀rọ náà, a sì jọ wo Ṣaworoidẹ, fíìmù tí Túndé Kèlání gbé jáde ní ọdún 1999. Mo ti wò ó lórí kọ̀ǹpútà ju ìgbà mẹ́wàá lọ nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Ìtàn ìlù àti adé ni, ti ọba tó kọ̀ láti múlẹ̀ fún ìlú, tí ìlù sì wá dájọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìlù náà dún, bàbá mi na ọwọ́ sókè kí gbogbo wa dákẹ́. Bùọ̀dá mi tó wá ṣọdún pẹ̀lú wa ló kọ́kọ́ pa fóònù rẹ̀.

Mo ní ìwé kékeré kan báyìí. Ní Sátidé, bí mo bá lọ sí Àkóbọ̀, bàbá mi á máa sọ ohun tí ìlù àti agídìgbo ń wí nínú àwo, èmi á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo fi ìgboyà sọ ohun tí èmi gbọ́ kí wọ́n tó sọ tiwọn. Wọ́n mi orí.

"Tún un gbọ́," ni wọ́n wí.

Mo dìde, mo sì gbé abẹ́rẹ́ padà sẹ́yìn.