Kí A Tó Fa Súmò Jáde

Orí àpáta ni ìlú Ìbàdàn jókòó lé. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ omi tí kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn a gbẹ́ bóhóòlù wọ inú àpáta náà, a sì fi okùn sọ ẹ̀rọ tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní súmò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Inú omi ni ẹ̀rọ yìí ń gbé. Ojú ènìyàn kì í tó o. Bí omi bá wá kọ̀ tí kò jáde mọ́, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ ti ẹnu ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ jáde ni pé, “Ó ti jó. Ẹ jẹ́ kí a fà á jáde.”

Ìkánjú ni gbólóhùn yìí. Fífà á jáde ń ná ni lówó, ó sì léwu: okùn lè já, wáyà lè bó lára àpáta, ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ le tẹ́lẹ̀ a sì di aláàrùn. Oníṣègùn kì í la ikùn aláìsàn kí ó tó bi í léèrè ibi tí ó ń dùn ún. Wáyà tí ó ti inú kànga jáde ni ẹnu súmò. Mítà ni a fi ń bi í léèrè.

Iná tí ó ń wọlé ni kí a kọ́kọ́ wọ̀n, nígbà tí ẹ̀rọ bá ń gbìyànjú láti yí. Bí fólítì 230 bá ti wálẹ̀ ju 207 lọ, kí a má tíì dá súmò lẹ́bi.

Lẹ́yìn èyí, kí a pa iná, kí a tú wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí a sì wọn óòmù wọn ní méjì-méjì. Iye méjì tí ó kéré, bí a bá rò wọ́n pọ̀, gbọ́dọ̀ bá ẹ̀kẹta mu: 3 àti 9 yóò fún wa ní 12. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe ìṣirò náà. Ìyàlẹ́nu ni pé àgbà oníṣẹ́ kì í ṣe é. Bí mítà kò bá ka nǹkan kan, wáyà ti já níbì kan.

Ó ku bóyá iná ń sá wọ inú omi. Mítà onífólítì 500 ni a fi ń wádìí èyí, láàárín wáyà àti ilẹ̀. Bí ó bá ka mẹ́gà-óòmù 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara ẹ̀rọ le. Bí kò bá tó 0.02, ó di dandan kí a fà á jáde. Síbẹ̀, ó lè jẹ́ ibi tí a ti so wáyà pọ̀ ni omi wọ̀.

Bàbá onílé kan ti pààrọ̀ súmò lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí èyí tuntun náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin láìyí, ó ránṣẹ́ pe ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣẹ́ iná kan.

“Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí a fa nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n tú àpótí ara ògiri yìí wò.”

“Ọmọ mi, àwọn tí ó wá ṣáájú rẹ kò tú u.”

Ó pa iná, ó tú u. Kàpásítọ̀, ohun kékeré bí agolo tí í ti ẹ̀rọ kí ó tó lè yí, ti wú. Kò fọwọ́ kàn án títí ó fi tú iná inú rẹ̀ dànù, nítorí kàpásítọ̀ lè gbá ènìyàn lẹ́yìn tí a ti pa iná. Ó fi òmíràn sí i, omi dé.

Bàbá dákẹ́ díẹ̀. “Èyí tí a yọ níjọ́sí ńkọ́? Ṣé ó ṣeé wọ̀n?”

Ìyàwó rẹ̀ ni ó dáhùn láti ilé ìdáná pé àwọn tí ń ra ògbólógbòó irin ti gbé e lọ.