Ìdákẹ́jẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́

Láti ìgbà tí àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà ti lé ọ̀pọ̀ yunifásítì wa lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2021 ni ohun kékeré kan ti ń jẹ mí lọ́kàn: bí olùkọ́ bá làdí ọ̀rọ̀ tán, tí ó béèrè pé, "Ṣé ó yé yín?", gbogbo àwọn tí orúkọ wọn tò bẹẹrẹ lójú kọ̀ǹpútà, tí ẹnikẹ́ni kò tan kámẹ́rà, a dákẹ́ lọ gbári. Wíwọ́n tí dátà wọ́n wà lára ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ọkàn tí ó wà lẹ́yìn orúkọ tí kò fọhùn ni mo ń rò.

Ẹnìkan lè wí pé ìdánìkanwà kì í ṣe àlejò fún ẹni tí ń wá ìmọ̀. Ṣebí ilẹ̀ wa níhìn-ín ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ti ka ìwé ara rẹ̀ títí ó fi gboyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944? Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n aya àti ọmọ yí i ká.

Níbí ni ọkàn mi máa ń ṣí lọ sí Àrò, l'Abẹ́òkúta, níbi tí Adéoyè Lámbò, oníṣègùn ọpọlọ, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Líṣàbí, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan ní 1954. Dípò kí ó há àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú mọ́ inú wọ́ọ̀dù, ńṣe ni ó fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká. Ìbátan kan a bá aláìsàn wá, a máa dáná fún un, a máa fọ aṣọ rẹ̀, a sì máa sìn ín lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀, títí ara ẹni tí ayé ti sú yóò fi tún mọ́lé. Ènìyàn ni aṣọ mi. Lámbò sọ òwe di ìṣègùn.

Síbẹ̀, àwọn ọmọ wa kò ṣàìní ẹbí lọ́dún náà. Inú agbo ilé ni wọ́n wà, tí ìyá ń rán wọn níṣẹ́ láàárín ẹ̀kọ́, tí bàbá sì rò pé fóònù ni wọ́n fi ń ṣeré. Bóyá irú ènìyàn mìíràn ni wọ́n ń wá: ẹlẹgbẹ́ tí ẹ̀kọ́ náà kò yé pẹ̀lú, tí wọn ó jọ jáde láti kíláàsì, tí yóò mí kanlẹ̀ pé, "Ìwọ náà ńkọ́?", tí àwọn méjèèjì yóò sì bú sẹ́rìn-ín. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ìṣẹ́jú díẹ̀ tí a kò pa ìpàdé náà lẹ́yìn tí olùkọ́ ti kúrò níbẹ̀ lè wúlò ju àfikún ẹ̀kọ́ lọ. Àfi pé kò dá mi lójú pé ẹnikẹ́ni yóò dúró.