Ọrùn Wú, Ọyún Ò Sí Níbẹ̀

Ọjọ́ karùn-ún tí ibà mú àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, ọrùn rẹ̀ wú lápá kan, kò lè yí orí mọ́. Màmá àgbà ní segede ni. Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ lọ ní ọyún ló gbá jọ sínú ọ̀fun. Oògùn apakòkòrò ò ran ibà náà, ni wọ́n bá ń múra àtifi abẹ la ọrùn ọmọ.

Dókítà obìnrin kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ló wo ojú tó pọ́n láìsí ipin, ètè tó là, ahọ́n tó pupa bí ata rodo. Ó ní, "Ẹ dúró ná." Ara ọmọ ti sú, àmọ́ lára dúdú tiwa yìí, ta ló máa tètè rí i?

Àìsàn Kawasaki ni. Dókítà Tomisaku Kawasaki kọ́kọ́ rí i lára ọmọ ọdún mẹ́rin kan ní Japan ní 1961. Ní 1967 ó kọ̀wé nípa ọmọ 50. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń wú. Bí wọn ò bá tọ́jú rẹ̀, nǹkan bí ọmọ 1 nínú 4 ni iṣan ọkàn rẹ̀ máa bà jẹ́. Immunoglobulin, tí wọ́n ń yọ látinú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn, ni wọ́n ń fà sí ọmọ lára kó tó pé ọjọ́ 10, pẹ̀lú aspirin. Ó wọ́n o! Ọ̀kadà Bàámi ló lọ sí i.

Lọ́sẹ̀ kejì awọ ìka rẹ̀ bó. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa tún ya àwòrán ọkàn rẹ̀. Ní báyìí, adìyẹ Màmá àgbà ló ń lé kiri.