Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Ẹ gbà mí láyè kí n sọ ohun tí ojú wa rí níhìn-ín ní Odoakpu nígbà tí bàbá àgbà wa kan papòdà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ó ń bá wa tọ́jú ìwé orúkọ ẹgbẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Git ni ohun èlò tí ó ń lò, èyí tí Linus Torvalds kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 2005. Bí èmi ti ń kọ ẹrù tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde sínú ìwé ní Rélùwéè, bẹ́ẹ̀ ni Git ń kọ gbogbo àtúnṣe sílẹ̀, àti ọjọ́ tí a ṣe é.

Ọjọ́ kejì ni àwọn ará ilé yóò tẹ ìwé ìsìnkú. Ọ̀dọ̀ wa ni àwòrán bàbá wà, àti orúkọ gbogbo ọmọ rẹ̀, títí kan àbíkẹ́yìn tí a bí fún un síhìn-ín, tí wọn kò mọ̀ nílé. Bí ẹrù yìí kò bá dé, wọn yóò fo ọmọ náà. Kí ni a ó sọ fún ìyá rẹ̀?

Ẹrù náà sì kọ̀, kò lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ó já lójú ọ̀nà, tí kọ̀ǹpútà ń sọ pé HTTP/2 kò parí bí ó ti yẹ.

Ọmọ náà là mí lóye. HTTP ni àdéhùn tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. HTTP/1.1 ti wà láti ọdún 1997. HTTP/2 dé ní 2015, ó sì lè kó ọ̀pọ̀ ẹrù pọ̀ sójú ọ̀nà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yára, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ibì kan a máa wà lójú ọ̀nà tí kò mọ bí a ti ń gbé e kọjá. Nítorí náà, Git gbà kí a fúnra wa yan èyí tí a fẹ́. Ó tẹ ìlà kan:

git config --global http.version HTTP/1.1

Ẹrù gbéra, ó sì dé. Lẹ́yìn náà ó pa ìlà yẹn rẹ́. Ó ní òun kò bá ọ̀nà tuntun ṣe ọ̀tá. Ọjọ́ ìṣòro nìkan ni òun ya sí ti àtijọ́.

Orúkọ àbíkẹ́yìn wà nínú ìwé ìsìnkú pẹ̀lú ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá rẹ̀ di ìwé náà mú, kò lè sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ mú orúkọ àwọn ọmọ yín wá, kí a kọ wọ́n sílẹ̀.

Èmi ni ti yín ní tòótọ́,
Akọ̀wé Rélùwéè, Odoakpu.