Ẹ Fi Ènì Sí I: Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Mú Mi Lọ sí Èbúté Èrò

Nínú àwọn ìwé tí a fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní èdè Yorùbá, ẹ̀kọ́ kan wà tí kì í sábà wọ́n níbẹ̀, ìyẹn ẹ̀kọ́ ọjà. Oníbàárà á béèrè pé "Èló ni?", ọlọ́jà á dá a lóhùn, oníbàárà á ní "Ó wọ́n jù", ọlọ́jà á dín in kù díẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì parí. N kò bá àwọn tó kọ ìwé náà jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé kìkì èyí lọ sí Èbúté Èrò, owó gọbọi ni yóò san, kò sì ní mọ ohun tó ṣe òun. Ojú ọjà gan-an ni mo ti kọ́ tèmi, ní ọjọ́ kan ṣoṣo, nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 1988.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mí sí ilé-ẹ̀kọ́ girama kan tí àwọn ọmọ ti ń gbé inú ọgbà, wọ́n sì fún wa ní ìwé tí wọ́n kọ gbogbo ohun tí a gbọ́dọ̀ kó wá sí. Ata àti ẹ̀fọ́ ni ìyá mi ń tà ní Ìkòròdú. Kì í ti ìsọ̀ rẹ̀ àfi tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ tàbí tí ọdún bá dé. Ṣùgbọ́n àjọ tó ń dá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ti kàn án. Ó kó o, ó sì sọ fún mi ní alẹ́ pé lọ́la, èmi àti òun nìkan la ó jáde, pé Èkó ilé òun là ń lọ. Oorun wo ló kù?

Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n ti bí i. Ọkọ̀ ojú omi la wọ̀ láti Ìpakodò, nítorí ó ní bí wọ́n ṣe ń wọ Èkó nìyẹn. Orúkọ ibẹ̀ gan-an ti sọ ọ́: èbúté ni ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gúnlẹ̀, èrò sì ni àwọn tó ń ti ọ̀nà jíjìn wọ́ wá. Kí wọ́n tó kọ́ afárá Carter ní ọdún 1901, tó so erékùṣù náà mọ́ Ìddó, orí omi ni ènìyàn ń gbà wọ ibẹ̀. Oúnjẹ tó ń ti Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Ẹjìnrìn wá, ọkọ̀ ojú omi ló ń rù ú. Nígbà tí àwa náà gúnlẹ̀, òórùn ẹja gbígbẹ, epo pupa àti ẹrẹ̀ ọ̀sà ló kọ́kọ́ kí wa káàbọ̀.

Ìyá mi kò mọ̀wé. Èmi ni mò ń ka ìwé ilé-ẹ̀kọ́ náà ní Gẹ̀ẹ́sì, tí mo sì ń júwe ohun tí wọ́n fẹ́. Òun ló ń sọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń tà á. Ohun tí gbogbo wa ń pè ní páádì, àgádágodo ló pè é, ó sì ní kí n tún un pè. Ó ti di owó àjọ náà sí ọ̀nà mẹ́ta ní etí aṣọ: ti oúnjẹ, ti aṣọ ibùsùn àti àwọ̀n ẹ̀fọn, ti àwọn nǹkan irin. Ó ní bí ọ̀kan bá fi lè jẹ owó èkejì, a ó padà sílé láìra àwọ̀n, kí n lọ máa bá ẹ̀fọn sùn.

Ọ̀dọ̀ ẹlẹ́gaàrí la kọ́kọ́ yà.

"Ẹ kú ọjà o, Ìyá. Ajé á wọ igbá."

"Àṣẹ o, oníbàárà mi. Ẹ ó jèrè ọmọ."

Màmá náà dá iye rẹ̀ ní ṣílè! Láti ọjọ́ kìíní ọdún 1973 ni náírà ti rọ́pò pọ́n-ùn, ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn àgbà ọjà, sísì ṣì ni kọ́bọ̀ márùn-ún, ṣílè ni kọ́bọ̀ mẹ́wàá, pọ́n-ùn kan sì ni náírà méjì. Èmi tí mo gba ipò kìíní nínú ìṣirò, ìka ọwọ́ ni mo ń kà lábẹ́ aṣọ. Ìyá mi ti ṣírò tirẹ̀ tán.

"Gaàrí yín dára, Ìyá. Owó ọwọ́ mi ni kò tó o."

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo gbólóhùn yẹn dáadáa. Kò sọ pé ọjà wọ́n. Kò bú gaàrí pé ó kan jù tàbí pé ó rí kótokòto. Owó ara rẹ̀ ló dá lẹ́bi, ọlọ́jà kò sì rí ohun tí yóò bínú sí. Nígbà tí a kúrò níbẹ̀, ó tún fi òmíràn kún un: n kò gbọdọ̀ dá iye tí n kò fẹ́ san láé. Bí mo bá ti dá a, tí ọlọ́jà sì ní "Ó gbà", mo ti rà á nìyẹn. Bí mo bá yí ẹsẹ̀ padà, kí n má tún gba iwájú ìsọ̀ náà mọ́.

Kọ́ńgò ló kù. Ìyá mi gbé e, ó wo ìdí rẹ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ wọnú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyá, ó dà bíi pé ebi ń pa kọ́ńgò yìí. Ikùn rẹ̀ ti wọnú." Ẹ̀rín pa màmá náà àti gbogbo àwọn tó wà nítòsí. Ó fa kọ́ńgò mìíràn yọ lábẹ́ tábìlì, ó wọn gaàrí tó rí ṣóńṣó lórí, ó sì tún bu ẹ̀kúnwọ́ méjì lé e. Ènì nìyẹn. Ènì yàtọ̀ sí ẹ̀dínwó. Ara owó ni wọ́n ti ń yọ ẹ̀dínwó, ó sì di dandan kí ènìyàn jà fún un. Ènì ń bọ̀ lẹ́yìn tí owó ti parí. A lè tọrọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọlọ́jà ló wà.

Ẹní kò sí nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́, síbẹ̀ ìyá mi yà sí ibi tí wọ́n ti ń tà á. Ẹní ni ìyá tirẹ̀ tà níbẹ̀ títí tó fi kú. Arúgbó kan tó jókòó ti ẹní rẹ̀ wò wá, ó tún wò wá, ó pariwo: "Àbẹ̀kẹ́! Ọmọ ẹlẹ́ní!" N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ìyá mi bẹ́ẹ̀ rí. Orúkọ mi ni gbogbo Ìkòròdú fi ń pè é. Ìyá mi kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì, bí èmi ṣe máa ń kúnlẹ̀ fún un láràárọ̀. Ohùn rẹ̀ pàápàá kéré sí i. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí, wọ́n ka orúkọ òkú, wọ́n ka orúkọ alààyè. Nígbà tí a fẹ́ lọ, màmá náà ká ẹní kékeré kan fún mi. Ìyá mi sáré tú etí aṣọ rẹ̀ láti sanwó.

"Fi owó rẹ sílẹ̀. Ènì tí mo jẹ ìyá rẹ ni."

Ìyá mi kò fèsì. Ó fi etí aṣọ náà nu ojú, ó sì dì í padà.

A gba Ẹnu Ọwá kọjá. Ó fi Ìgà Ìdúngánràn hàn mí, ààfin Ọba Èkó, tí ìtàn ní oko ata Àrómirẹ ni tẹ́lẹ̀. Ìgà ni àwọn ará Èkó ń pe ohun tí àwọn ìlú mìíràn ń pè ní ààfin, ilé àwọn olóyè ńlá náà sì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Oòrùn ti mú wa jù láti dúró pẹ́.

Ní Ìdúmọ̀tà a ra aṣọ ibùsùn àti àwọ̀n. Ó wá ku àgádágodo. Ìyá mi fún mi lówó, ó lọ dúró sí òdìkejì ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo kí bàbá onírin náà kú ọjà. Mo ní àgádágodo rẹ̀ dára, owó mi ni kò tó. Mo dá iye tí mo lè san, ó gbà. Mo wá ní, "Ẹ fi ènì sí i, sà."

Bàbá náà bú sẹ́rìn-ín. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá gaàrí ni mo rò pé mo ń rà. Lẹ́yìn náà ó ki ọwọ́ sínú agolo kan, ó sì ju ìṣó méjì sí mi lọ́wọ́.

Àwọn ni mo fi kọ́ àwọ̀n ẹ̀fọn mi ní ilé-ẹ̀kọ́. Igun méjì tó kù, okùn ni mo fi so wọ́n.