Ohun Tí Aago Kò Lè Wọ̀n

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dá irú ẹnu bẹ́ẹ̀ mọ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ẹnu? Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn kan wà tí ó jẹ́ pé ìbéèrè yìí ni iṣẹ́ òòjọ́ wọn. A lè pè wọ́n ní awòye. Wọ́n ń kiri láti yunifásítì kan dé òmíràn, wọ́n ń wo àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbá bọ́ọ̀lù ilẹ̀ wọn, èyí tí wọ́n máa ń fi ọwọ́ gbé sá, kí wọ́n lè mọ ẹni tí ó tó láti fi í ṣe iṣẹ́ jẹun. A fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́, sọ díẹ̀ nínú ohun tí a rí nídìí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ọmọ tiwa náà ti gba iwájú wọn kọjá.

Báyìí ni ètò náà ṣe rí. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù 32 ló wà nínú àjọ NFL. Lọ́dọọdún, nínú oṣù kẹrin, wọn a fi ọjọ́ mẹ́ta yan àwọn ọ̀dọ́ tuntun ní ìpele méje. Ẹgbẹ́ tí ó bá gbẹ́yìn ní ọdún tó kọjá ni yóò kọ́kọ́ yàn, àfi bí ó bá ti fi ipò rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀. Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, ní ìlú Philadelphia. Ẹ sì wo bí ayé ti rí: Jay Berwanger, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn lọ́jọ́ náà, kò gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú àjọ náà títí ó fi kú.

Kí ọjọ́ ìyàn tó dé, wọn a kó ọ̀dọ́ tí ó lé ní 300 jọ sí ìlú Indianapolis. Wọn a wọn gíga wọn, wọn a gbé wọn sórí ìwọ̀n, wọn a fi rúlà wọn ọwọ́ wọn pàápàá. Wọn a ní kí wọ́n sá eré yáàdì 40, kí wọ́n fò sókè, kí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀ gbé irin pọ́ùn 225 títí apá yóò fi kọ̀. Dókítà a tẹ orúnkún wọn wò. Lẹ́yìn èyí, àwọn ẹgbẹ́ a pè wọ́n jókòó, wọn a sì da ìbéèrè bò wọ́n.

Láàárín ọdún 1960 sí 1970, ẹgbẹ́ Dallas Cowboys gbìyànjú láti fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ yìí. Ọmọ Íńdíà kan, Salam Qureishi, onímọ̀ ìṣirò tí kò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù náà tẹ́lẹ̀, ni ó bá wọn tò ó. Àwọn onímọ̀ bọ́ọ̀lù ní láti sọ ohun tí wọ́n ń wò lára ọmọ. Ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ pọ̀ jọjọ, kí wọ́n tó dín in kù sí márùn-ún. Ìwà wà lára márùn-ún náà. Kọ̀ǹpútà lè ro ó pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni yóò kọ́kọ́ fún ìwà ní máàkì.

Ọ̀rọ̀ ìwà yìí ni ó kan ilé wa. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan ń gbé ní Houston, ọmọkùnrin rẹ̀ sì ń gbá bọ́ọ̀lù yìí ní yunifásítì kan níbẹ̀. Nígbà tí a lọ kí wọn, àwọn awòye wá wo àwọn ọmọ ilé-ìwé náà. A dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ọkùnrin kan di aago mú, ó wo ọmọ wa bí ó ti ń sáré, ó kọ nǹkan sínú ìwé pélébé, kò sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìyá kan tí ń bu oúnjẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín sí ẹ̀gbọ́n wa, ó ní ọkùnrin náà ti wá bá òun ní ilé ìdáná. Ó bi í léèrè bóyá ọmọ yìí máa ń kí ènìyàn, bóyá ó máa ń kó abọ́ rẹ̀ kúrò lórí tábìlì bí ó bá jẹun tán. Ẹnu yà wá. Ẹ̀kọ́ ilé tí ẹ̀gbọ́n wa ń pariwo lé lórí láti ìgbà tí ọmọ ti wà ní ọdún mẹ́ta, àwọn àjèjì wá ń wá a kiri nínú ilé ìdáná!

Ọjọ́ ìyàn dé. Fún ọjọ́ mẹ́ta ni a fi jókòó ti tẹlifóònù. Wọ́n pe orúkọ tí ó lé ní 250. Wọn kò pe ti ọmọ wa. Nígbà tí orúkọ ìkẹyìn kọjá, ọmọ náà tẹjú mọ́lẹ̀, kò lè gbé orí sókè. Ìyá rẹ̀ gbé àwo ìrẹsì síwájú rẹ̀, ó ní, "Wọn kò yàn ọ́ ni, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ nù. Dìde, jẹun." Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ kan pè é láti wá gbìyànjú. Ó lọ, wọ́n sì dá a padà kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ó padà sí yunifásítì, ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí afárá kíkọ́, iṣẹ́ náà ni ó sì ń ṣe lónìí.

A kò sọ èyí láti bú àwọn awòye. Iṣẹ́ wọn le. Ní ọdún 2000, Tom Brady sá yáàdì 40 bí ẹni tí kò kánjú, ó di ìpele kẹfà, ipò 199, kí wọ́n tó yàn án. Ife àṣekágbá méje ni ó gbà. Ní ọdún 2007, JaMarcus Russell ni wọ́n kọ́kọ́ yàn nínú gbogbo wọn. Nígbà tó fi di ọdún 2010, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ní kó máa lọ. Foyesade Oluokun, tí orúkọ rẹ̀ fi hàn pé ọmọ Yorùbá ni, ti Yunifásítì Yale wá ní ọdún 2018. Ìpele kẹfà ni wọ́n tó yàn án, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó gbá alátakò mú tó o nínú àjọ náà ní ọdún 2021 àti 2022.

Ti Husain Abdullah ni ó wọ̀ wá lára jù. Ní ọdún 2008, ẹnikẹ́ni kò yàn án. Ẹgbẹ́ Minnesota Vikings gbà á lẹ́yìn ìyàn, ó sì ṣiṣẹ́ débi pé ó di ògúnnágbòǹgbò. Ní ọdún 2012, ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún odidi sáà kan kí òun àti Hamza ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè lọ sí Mẹ́kà. Ó padà ní ọdún 2013, ẹgbẹ́ Kansas City Chiefs sì gbà á. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, ó já bọ́ọ̀lù gbà nígbà tí Brady jù ú, ó gbé e dé òpin pápá, ó sì forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́hun. Rẹfirí fi ìyà jẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí èyí. Lọ́jọ́ kejì, àjọ NFL fúnra wọn ní kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Aago wo ni ìbá sọ fún ẹnikẹ́ni ní ọdún 2008 pé ọmọ yìí lè fi owó sílẹ̀ nítorí ohun tí ó gbàgbọ́?

Aago kò purọ́, ṣùgbọ́n ohun tí a bi í nìkan ni ó ń dáhùn. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi ìrètí ọmọ yín rọ̀ mọ́ ìpè tẹlifóònù kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí ó ní ẹ̀kọ́ tí yóò padà sí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá wọ̀n yín, ẹ sáré dáadáa, nítorí eré náà ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ẹ máa kí ìyá tó ń bu oúnjẹ, ẹ sì máa kó abọ́ yín, yálà awòye wà nítòsí tàbí kò sí. Kí Ọlọ́hun fi ìwà rere ṣe ẹ̀ṣọ́ wa. Àmín.